Apá Òsì Ti Kú

Abúlé Onídàá,
Lẹ́bàá Ìsẹ́yìn.

Mùnírù, Àjàní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o jí ire? Ṣé ẹsẹ̀ ń gbé ọ, ṣé ọwọ́ ń tó ohun tí o bá nà án sí? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ kún un ni, nítorí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló gbé mi dé ìdí bébà yìí, fóònù ti sú mi. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò ti ń rọ̀, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò, ewúrẹ́ funfun yẹn bí ìbejì, ọ̀kan kú. Bàbá rẹ ṣì wà lórí ẹní bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nígbà Iléyá, apá òsì wọn kò tíì gbé sókè, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, ẹ̀yìn ń ro mí, ó sì ti rẹ̀ mí, Àjàní. Mi ò ní pa á mọ́ fún ọ.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ fi wọlé. Èmi fúnra mi ni mo kà á, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kò kúkú ṣòfò. O kọ ọ́ pé: Apa osi ti ku, apa otun nikan lo n dun, e gbadura fun mi. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo jókòó sílẹ̀ nídìí ààrò. Mo ní ó tán, ohun tó mú bàbá ti mú ọmọ, òsì ti kú, ọ̀tún ń dùn ún. Mo ní ẹrù tí o ń rù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri ló fà á.

Mo pè ọ́ títí, kò lọ. Mo pe Preye, ọ̀rẹ́ rẹ ará Marine Beach tí ẹ jọ ń ṣeré, mo ní ṣé òótọ́ ni pé apá òsì kú. Ó ní na true, Mama, left don die patapata, na right we dey manage. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ die? Mo sunkún. Bàbá rẹ ń bi mí láti inú yàrá pé kí ló dé, mo ní èéfín ni. Mo lọ bá Álífáà, wọ́n ṣe àdúà, mo po òrí mọ́ àdí, mo gbé e fún Dáhùnsí tó ń wa ọkọ̀ iṣu kó bá mi gbé e dé Boundary lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Kí Dáhùnsí tó gbéra ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ kejì wọlé: Apa osi ti ji, waya lo baje, mo ti paaro re. Mo ti fi yara nla si i, o wa n dun bi eni pe eniyan meji ni. Orí mi wú. Irú dókítà wo ló ń fi wáyà sí apá èèyàn? Mo gbé e lọ bá Morádéún, tíṣà tó ń gbé ilé kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ jìtá rẹ ni, àpótí orin tó wà lápá òsì ni kò sọ̀rọ̀ mọ́, ti ọ̀tún sì ń dún, pé ó ń dún ni, kì í ṣe pé ó ń dùn ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí o gbé wá lọ́jọ́ Iléyá, tí o ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. O ní gbogbo ampù, àpótí tó ń gbé ohùn jìtá sókè, tí àwọn olórin ń rù kiri ló wà nínú rẹ̀, àti ìró yàrá lóríṣiríṣi, mo wò ó yíká, mi ò rí ibi tí wọ́n gbà wọlé. O ní ohùn jìtá kan ṣoṣo á wọ inú rẹ̀, á pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan á gba òsì jáde, èkejì á gba ọ̀tún, o sì ń dá ti ọ̀tún dúró díẹ̀ kó lè dà bíi pé ẹni méjì ló ń ta á. Mo bi ọ́ pé ṣé owó ẹni méjì ni wọ́n ń san fún ọ, o kàn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ yẹn, Àjàní. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò kọ jìtá mọ́ ọn? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ti yàrá ńlá yẹn ni Morádéún kò rí àlàyé ṣe, ṣùgbọ́n ó yé èmi. Ọlọ́run ṣeun tí o ti kúrò nínú yàrá kótópó tí ìwọ àti Preye ń há mọ́. Bàbá rẹ lè wá máa sùn níbẹ̀, kí wọ́n sún mọ́ ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú irú apá bẹ́ẹ̀. Wọn kò gba ààyè púpọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti àwa méjèèjì, bí agbára rẹ kò bá ká a, ti bàbá rẹ nìkan. Òrí náà ti wà lọ́wọ́ Dáhùnsí, mi ò gbà á padà, máa fi pa apá.

Ó ku ẹyọ kan. Bàbá rẹ gbọ́ ẹ̀rín Morádéún, wọ́n ní kí n wí, mo sì wí gbogbo rẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹnu wọn tó wúwo yẹn ní kí n bi ọ́ pé irú wáyà wo ni, ṣé wọ́n ń tà á ní Boundary. Mo ní ẹ̀rọ ni, bàbá Mùnírù. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kí n ṣáà bi ọ́.

Mo ti bi ọ́ o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òsì rẹ kú, kò ní jẹ́ kí ọ̀tún rẹ dùn ọ́. Á máa dún fún ọ lọ́tùn-ún lósì, bàbá rẹ á sì wà láyé gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Sìkírátù.