Mo Fi Ìpara Pa Ọkọ̀ Lára

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ìbejì. Ṣé wọ́n ti ń sùn ní yàrá tiwọn àbí wọ́n ṣì ń ti bàbá wọn bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì? Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹ jí lónìí á jẹ́ kí ẹ jí lọ́la, ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jiyàn, mo sì ti sọ fún un pé bó bá wù ú kó máa jiyàn, a jọ ń lọ náà ni. Télọ̀ ojúde wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má fo ibi tí mo ti ṣàṣìṣe, torí mo mọ̀ pé àbúrò rẹ á pè ọ́ lórí fóònù, á sì sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Kí o yáa gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé látìgbà tí iṣẹ́ iyanrìn ti dáwọ́ dúró, ọkọ̀ akẹ́rù àbúrò rẹ kàn jókòó sí àgbàlá bí àlejò tí ò mọ̀ pé ó ti tó kóun máa lọ. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe àga wá ní àwọn ń wá ọkọ̀ tí á máa bá àwọn kó ẹrù lóṣooṣù. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì dáa, táyà dáa, ṣùgbọ́n bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn ti bó, ó rí bí orúnkún ọmọ tó ń fi ilẹ̀ ṣeré, àwọn ò lè fi irú ẹ̀ gbé àga tuntun lọ sílé oníbàárà. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ń bọ̀ wá wò ó ní Mọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí kò bá sì wù ú, ọkọ̀ ẹlòmíì làwọn máa mú.

Àwọn tó ń kun ọkọ̀ ní ó di ọjọ́ mẹ́wàá. Ni àbúrò rẹ bá lọ ra ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní sítíkà, dúdú, ó ń dán, wọ́n ká a bí ẹní. Ó ní òun á fi wọ bọ́ńpà láṣọ fúnra òun nínú àgbàlá. Mo ní ta ló kọ́ ọ, ó ní ọkùnrin kan wà nínú fóònù tó ń kọ́ èèyàn. Lóòótọ́ mo rí ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀ tiẹ̀, ó ń tẹ ọ̀rá. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, mo ní kò burú, iṣẹ́ ò jẹ́ kó gbọ́ ni. Nígbà tí àbúrò rẹ fẹ́ jẹun, ó fi ìka kan fóònù, ọkùnrin náà ò mira mọ́, ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ọwọ́ lókè. Àbúrò rẹ ń rọra jẹun, ó tún bu omi mu. Mo ní èmi ò lè máa wo ọmọ ọlọ́mọ ní ìbẹ̀rẹ̀ títí tèmi á fi yó, ni mo bá fi ìka kan ibi tó kan ọwọ́ mi kó lè nàró. Obìnrin kan tó ń ta bàtà ló jáde sí mi. Ó pẹ́ ká tó rí ọkùnrin yẹn padà.

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ bọ́ńpà kó mọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àbúrò rẹ fi garawa omi mẹ́rin fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó ní òun ń lọ yá ẹ̀rọ tí onídìrí fi ń mú irun gbẹ, torí ooru ló ń mú kí ọ̀rá yẹn rọ̀. Ó wá ku èmi àti bọ́ńpà. Mo wò ó, ó gbẹ, ó funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó wẹ̀ tí ò para. Ìyá Ìbejì, ọmọ márùn-ún ni mo bí, kò sí èyí tí mo wọ̀ láṣọ nínú yín láìkọ́kọ́ pa á lára. Mo ní ọkùnrin ni, kò lè rántí. Mo mú ìgò ìpara mi, mo fi pa bọ́ńpà iwájú láti etí dé etí, mo pa tẹ̀yìn náà, mo fọwọ́ ra á títí ó fi mu ún. Ó dán débi pé mo rí eyín mi nínú ẹ̀, àwọn tó kù.

Nígbà tó dé, ó na ọ̀rá lé bọ́ńpà, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún yọ̀ bọ́. Ó fẹ́ ooru sí i, ó wá burú sí i, ó ń sá lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bí ẹja. Aago mọ́kànlá ti lù. Ó ní ayédèrú ni ẹni tó ta sítíkà yìí tà fún òun, òun ń lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, gbogbo ọjà ló máa gbọ́. Télọ̀ tó ti gbọ́ ariwo wọlé ní kó lọ, pé oníjìbìtì ti pọ̀ jù. (Ó ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.)

Ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Èmi jókòó sórí àpótí, ìgò ìpara wà lábẹ́ aṣọ mi. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á dójú ti ọmọ ọlọ́mọ nídìí ọjà ẹ̀, bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ mi á mọ̀ pé ọwọ́ èmi tí mo bí i ló fẹ́ gba iṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní kó bọ́ bàtà. Mo ní ọjà onísítíkà yẹn ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo pa ọkọ̀ lára. Ó ní kí ni mo pa? Mo gbé ìgò síwájú ẹ̀. Ó wo ìgò, ó wo bọ́ńpà, ó wò mí, ó ní Màmá, ṣé iléèwé lọkọ̀ ń lọ ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

Ó ní kí n bá òun gba sípíríìtì lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì òpópónà kejì, èyí tí wọ́n fi ń nu ibi tí wọ́n fẹ́ gún abẹ́rẹ́ sí, pé ìyẹn ló lè nu ìpara kúrò. Nọ́ọ̀sì ní ta ló fẹ́ gba abẹ́rẹ́, mo ní ọkọ̀ ni. Ó fún mi, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Èmi, àbúrò rẹ àti télọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi àkísà nu bọ́ńpà títí ó fi ń ké lábẹ́ ọwọ́. Ọ̀rá wá lẹ̀. Àfi bó ṣe dé igun tó ń ká jọ, tí atẹ́gùn ń wú lábẹ́ ẹ̀. Àbúrò rẹ ń fà á bí ẹni ń jà. Mo ní kó jọ̀wọ́ ẹ̀, kó ṣí i padà, kó fẹ́ ooru sí i díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ lé atẹ́gùn lọ sétí, bí mo ṣe ń tẹ́ aṣọ ìbùsùn yín nígbà kékeré. Télọ̀ ní ibi tó bá kọ̀, kí wọ́n fi abẹ là á díẹ̀ bí ọrùn aṣọ. Ó gbọ́. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ la parí tẹ̀yìn.

Ọ̀gá náà dé tòun ti ìwé kan tí wọ́n ya ilé kéékèèké sí, bó bá ti yẹ nǹkan kan wò lára ọkọ̀, á fa igi sínú ọ̀kan. Mo ní kó má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo, ilé tó bá ṣófo, aláǹgbá ló ń gbé e. Ó ní kò burú, Màmá. Ó fi èékánná ha bọ́ńpà, kò ṣí. Ó tẹ igun, kò wú. Ó ní iṣẹ́ ta nìyí? Àbúrò rẹ ní tòun àti ìyá òun ni. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé màmá náà mọ iṣẹ́ sítíkà ni? Àbúrò rẹ ò rẹ́rìn-ín, ó ní kò síbi tí ọwọ́ màmá òun ò kàn lára bọ́ńpà yìí. Ọ̀gá fa igi sí ilé tó kù. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó àga.

Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe tebi. Sítíkà aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́ rà, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi ti bó, mo sì ti mọ iṣẹ́ báyìí. Inú fóònù àbúrò rẹ ni kí o fi í sí, ṣùgbọ́n má fi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, fóònù náà kéré, ó sì ti sán lójú, mi ò fẹ́ kí owó jò dà nù.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa wu ẹni tó bá wá wò ó. Oore tó bá lẹ̀ mọ́ ọ ò ní ṣí. Ọjọ́ tí o bá sì ṣàṣìṣe, ẹni tó máa bò ọ́ láṣìírí níwájú àlejò ò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.