Ta Ni Arúgbó Inú Àwòrán Yẹn?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, tí o sì ti jẹun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí Ẹlẹ́dàá máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó mú ojú ẹni ibi kúrò lára rẹ, títí kan àwọn tó ń bá ọ jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ ní gbogbo ìgbà.

Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè. Orúnkún ṣì ń dun ìyá rẹ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ní àìsàn kankan. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò níbi tí mo ń to pákó sí, mo ti fi ọ̀rá bò ó. Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí ìpè rẹ ò wọlé. Fóònù náà ò bàjẹ́ o. Èmi ni mo pa á, tí mo fi aṣọ wé e, tí mo sì gbé e sínú àpótí irinṣẹ́ mi. Má bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, o ní kí n bá ọ yọ̀, pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì yín ti parí, pé ẹ ti ṣírò bí àwọn èèyàn àgbègbè ìlú ńlá yín yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Gbogbo ẹni tó ya ṣọ́ọ̀bù ni mo fi hàn, mo ní ọmọ mi ló ṣe é. Ìgbà tí mo wá jókòó tì í ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ́. Ẹ to àwọn òpó kan síbẹ̀ bíi pákó tí a nà ró sára ògiri. Òpó ọmọdé ń kúrú sí i, òpó arúgbó ń ga sí i. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé arúgbó ìlú yóò di ìlọ́po méjì, àti pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan péré ni yóò máa gbé ibẹ̀. Ẹ tún ní àwọn tó ń sọ èdè mìíràn yóò pọ̀ sí i. Ìyẹn ò kàn mí, ẹni tó bá dé á ṣáà nílò ilẹ̀kùn. Ti arúgbó yẹn ló kó mi lọ́kàn sókè. Níbo ni ẹ ti fẹ́ rí wọn? Obìnrin kankan ò bí arúgbó rí. Bí wọ́n bá máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ibì kan ni ẹ ti fẹ́ lọ kó wọn wá.

Mo gbé e tọ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi lọ. O mọ̀ pé kì í gba ìjọba gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti darí títì gba ibòmíì. Ó wò ó títí, ó wá bi mí pé lábúlé wa yìí, arúgbó wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka arúgbó. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi mọ́. Mo mú téèpù, mo wọn òpó arúgbó náà lójú fóònù. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, á tún fẹ̀ sí i. Bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, á ṣókùnkùn. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù onígbàjámọ̀, mo wọn ti ibẹ̀, ó gùn ju tèmi lọ. Àwòrán kan náà, ọ́fíìsì kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wá pé kí n fi kan ilẹ̀kùn fún òun, màá ní kó máa lọ ilé rẹ̀.

Báńkì ló wá jẹ́ kó dá mi lójú. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí n wá kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù tuntun. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, wọ́n fẹ́ mọ ilé tí mo ń gbé, wọ́n tún fẹ́ mọ ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo ní ìwọ ni. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, bàbá. Èwo ló dáa níbẹ̀? Èmi ò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí arúgbó ní báńkì lásán. Ká tó ṣẹ́jú, àwòrán tìrẹ ti dé, arúgbó sì ti pọ̀ nínú rẹ̀. Mo wá rántí pé nígbà tí o wá kẹ́yìn, o wo ṣọ́ọ̀bù yíká, o ní àwọn pákó yìí ti wúwo jù fún mi. Mo ní áà, ọmọ yìí ti ta ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti kọ orúkọ èmi àti ìyá rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n máa kó lọ sí ìlú.

Ìdí tí mo fi pa fóònù nìyẹn, kí ẹ má baà lè mọ ibi tí mo wà. Mo kó ayùn àti gbogbo irinṣẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ fẹsẹ̀ gbá a, ó pariwo lé mi lórí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní bí wọ́n bá dé, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wẹ̀, pé omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé nílùú, òun ò ní ṣe wọ́n ní wàhálà rárá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di àná, tí tíṣà tó ń gbé ilé kejì wá bá mi nítorí fèrèsé rẹ̀. Mo da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n lè wojú rẹ̀ bóyá òun náà wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní kó arúgbó kankan láti ibì kankan. Ó ní àwọn tó máa di arúgbó yẹn ti wà nílùú báyìí, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ibẹ̀ náà ni ogún ọdún yóò ti bá wọn. Ó wá bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ́. Mo sọ fún un. Ó ro ogún ọdún mọ́ ọn, ó ní nígbà yẹn, ìwọ ọmọ mi náà á wà nínú òpó arúgbó yẹn.

Ọmọ mi, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́, èmi ni mò ń dàgbà, ìwọ ni ọmọ. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wá ara mi nínú àwòrán yẹn, mi ò sí níbẹ̀ rárá. Ogún ọdún sí i, mi ò tan ara mi jẹ. Ìwọ ni. Ìwọ pẹ̀lú irun funfun, nínú yàrá rẹ lókè kẹta nílùú, tí mo ti sùn rí, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri onílé kejì, tí o ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ọwọ́ ara rẹ lo fi ya á. Mo sì ń fura pé o mọ̀ nígbà tí ò ń yà á, o kàn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti tan fóònù padà, mo sì ti kó irinṣẹ́ jáde. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àga kan láàárọ̀ yìí, tìrẹ ni. Àga arúgbó ò rí bí àga yòókù. Ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ kí èèyàn lè dìde láìṣe wàhálà, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síwájú kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú. Ẹni tí mo bá fẹ́ kàn án fún, màá ní kó jókòó kí n wọ̀n ọ́n. Tìrẹ le díẹ̀, torí o ò tíì dé ọjọ́ orí rẹ̀, nígbà tí o bá sì dé e, èmi ò ní sí níbẹ̀ láti kàn án. Ìyá tó bí mi lo jọ, mo ti ń fi ìdúró tiẹ̀ ṣe é lọ́kàn. Àmọ́ mo nílò ìwọ̀n ẹ̀yìn orúnkún rẹ sí ilẹ̀. Má ní kí ẹnikẹ́ni bá ọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀, mi ò mọ ọwọ́ wọn. Wá fúnra rẹ.

Mo tún nílò owó igi tó dáa, èyí tí kòkòrò ò lè jẹ. Onípákó ń búra pé igi tòun á pẹ́ láyé ju èmi àti òun lọ, mi ò gbà á gbọ́, màá fọwọ́ ara mi kàn án kí n tó sanwó. Bí o bá lè fi owó òrùlé ṣọ́ọ̀bù kún un, màá dúpẹ́. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì o, wọ́n ti mọ ohun tó pọ̀ jù nípa wa. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń gbàdúrà yìí fún ọ, bí ẹni ń kí èèyàn lásán ni mo ń sọ ọ́, òní ni mo mọ ohun tí mò ń tọrọ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá jókòó sórí àga yìí pẹ́ títí. Nígbà tí o bá sì fẹ́ dìde lórí rẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ilé tí yóò gbọ́ pé ò ń dìde.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.