Ilé Etí Odò Kama Di Ti Pelageya

Èmi, Glafira Nikanorovna Zavyalova, ọmọ bíbí ìlú Perm, tí mo fi ijó bálẹ́ẹ̀ jẹun títí orúnkún mi fi fọ́, ni mo ń pàṣẹ yìí. Àyà mi ni ó ń ṣàìsàn. Orí mi pé. Mo ní kí dókítà jẹ́rìí sí i, nítorí mo mọ ẹni tí yóò sọ pé mo ti ń ṣarán. Agniya Savelyevna, agbẹjọ́rò mi, ni yóò mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ.

1. Ilé onígi tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi létí odò Kama, pẹ̀lú ọgbà àti ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fún Pelageya Fominichna Rukavishnikova. Kí ó máa gbé ibẹ̀ bí onílé.

Inú ilé yìí ni bàbá mi ti ju bàtà ijó mi àkọ́kọ́ sínú iná. Ó ní, "Ọmọ tèmi ò ní máa gbẹ́sẹ̀ sókè fọ́kùnrin wò!" Ìyá mi ki ọwọ́ bọ iná, ó fà á yọ. Bàbá fi bẹ́líìtì nà án títí ó fi ṣubú, kò jọ̀wọ́ bàtà náà. Ìka rẹ̀ kò nà tán mọ́ títí ó fi kú.

2. Ọ̀pá olùkọ́ mi, Kapitolina Lvovna, ẹ fi dáná. Ó fi lu ojúgun mi títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ìbọ̀sẹ̀. Òun náà ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fò bí ẹni tí kò ní egungun. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ọ̀pá rẹ̀ ni n kò fẹ́. Aṣọ ìtàgé mi, kí àwọn ọmọ tí mo kọ́ láìgbé ọ̀pá pín in.

3. Rostislav Gordeyev, ọkọ mi àtijọ́ tí a jọ ń jó, kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ nínú ẹrù mi.

Ó gbá mi létí lẹ́yìn aṣọ ìkélé ìtàgé nítorí òdòdó tí èrò jù sí mi. "Ta ló ń gbé ẹ sókè? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Ìwọ nìkan ni wọ́n wá ń da òdòdó lù!" Mo gbé ẹ̀jẹ̀ mì, mo jáde lọ tẹríba fún èrò. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ, ó dúró di ọjọ́ tí gbọ̀ngàn kún. Ó gbé mi kọjá orí rẹ̀, ó wojú mi, ó sì la ọwọ́ méjèèjì. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ ni. Kò yọ̀. Mo rí ojú rẹ̀.

Pelageya, tí ó ń wọ̀ mí láṣọ, ń lọ aṣọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìtàgé. Rostislav wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ó parí. Kó lọ máa jó fádìyẹ." Pelageya fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná fọ́ ọ lágbọ̀n. Ó tún gbá a. Eyín fọ́n ká ilẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún adájọ́; ó ní mò ń gbèjà ìránṣẹ́ mi ni. Wọ́n gbé Pelageya lọ sẹ́wọ̀n ní àríwá, òtútù yìnyín sì jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Ọjọ́ tí ó dé, mo dúró dè é ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi. Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń bu búrẹ́dì kan jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ijó lọ.

Kí Rostislav má ṣe bá wọn gbé pósí mi. Ó ti jù mí sílẹ̀ rí.

4. Ewúrẹ́ mi, kí Tikhon aládùúgbò wa mú un. Ó máa ń kan ènìyàn. Kí Tikhon má nà án.

5. Valerian, ọmọ àbúrò mi, ni ó ni sámófà tí a fi ń se tíì. Ìbọn ọdẹ tí ó ń bèèrè, mo ti ní kí wọ́n jù ú sínú Kama.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ó ti Pelageya lórí àtẹ̀gùn, egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́. "Ẹlẹ́wọ̀n! Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú ná, wàá ríbi tí wàá sùn!" Pelageya dáhùn láti ilẹ̀: "Ọmọ, dúró níbẹ̀. Jẹ́ n lọ gbé áyọ́ọ̀nù mi wá." Valerian sá. Valerian, ilé tí ò ń retí yìí kì í ṣe tìrẹ.

6. Agniya, bí mo bá ti dákẹ́, kí o tó pa ojú mi dé, kí o tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Pelageya lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa sunkún.

Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi: Glafira Zavyalova. Perm, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, ọdún 1986.

Àwọn tí ó rí mi bí mo ṣe kọ ọ́:
Ippolit Baranovich, dókítà
Lukerya Vetoshkina, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́