Wá Fi Ìyá Rẹ Kọ́ṣẹ́

Natako, Lọ́kọ́ja,
Oṣù Kọkànlá, 1965.

Adéòkè ọmọ mi,

Òkun o. Kú ìwé kíkà, kú àjò, kú ìnira ìlú onílùú. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi Ọya tó kún lọ́dún yìí wọ yàrá wa ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Ìbàdàn, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀rẹ́ burúkú kò sì ní mọ ilé rẹ. Àmín. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè. Pé àlàáfíà wa pé ni n kò lè sọ, nítorí ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí débi pé láàárọ̀ yìí mo jókòó láti wọ bàtà, mo gbàgbé ohun tí mo jókòó fún, mo sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kàn mí lórí.

Ìwé rẹ dé, mo sì kà á sí ìyá rẹ létí. Láti ìgbà òjò tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú yìí, ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n tó bá ní kí òun fèsì, ariwo lásán ló ń jáde. O ní ẹ ti parí ti inú kíláàsì nínú dìpúlọ́mà wẹ́líféà yín, pé ó ku kí wọ́n rán ọ lọ sí ilé kan tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí, kí o máa wẹ̀ wọ́n, kí o máa fún wọn lóúnjẹ, kí o sì máa gbọ́ ìtàn wọn títí di Àjíǹde, kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà o kò ní wá sílé ní Kérésì. Mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn.

Jọ̀wọ́, àwọn arúgbó wo nìyẹn? Kí ni wọ́n ṣe tí gbogbo ọmọ wọn fi sá fún wọn? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni? Àbí ẹnì kan ló jí wọn gbé tí àwọn ará ilé wọn sì ń wá wọn kiri? Mo bi Alàgbà Sámúẹ́lì ìjọ wa, ó ní ọ̀làjú ni. Mo ní ọ̀làjú náà kò ní mọ ọ̀nà ilé wa o.

Alàgbà Sámúẹ́lì yìí kan náà ló kó ìtìjú bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé àga kan fún ìyá rẹ, mo lu ihò sí àárín rẹ̀, mo gbé ike sábẹ́, kí n má baà máa gbé e jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé nígbà gbogbo. Mo fi pátákó tó dára ṣe é, mo dán an, mo sì fi aṣọ bò ó kí ojú má baà máa rí i. Alàgbà wá gbàdúrà fún aláìsàn, ó wo gbogbo àga inú ilé, kò rí èyí tó wù ú àfi ìyẹn. Kí n tó lanu, ó ti jókòó, ó sì ti rì. O ì bá gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Èmi ni mò ń dáná báyìí. Èmi ni mò ń fọ aṣọ. Salome ará ilé kejì, ìyàwó Bùràímọ̀ apẹja, bó bá ti rí mi nídìí aṣọ fífọ̀, á kígbe pé ìyàwó ilé Bámiṣayé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń jẹ́ ẹ, mi ò lágbára ìjà. Èyí tó ń pa mí gan-an ni gbígbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti dá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gbé rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kì í kérora. Mo bá lọ sí pósófíìsì, mo bẹ akọ̀wé pé kó pè ọ́ lórí tẹlifóònù kí o fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ aláìsàn. Ó ní ohùn nìkan ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Mo ní ohùn kọ́ ni mo wá, ọwọ́ ni. Ó ní kí n máa lọ sílé. Ṣebí èmi ni mò ń san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, mo rò pé èmi náà ní ẹ̀tọ́ sí díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ yín.

Ohun tí mo wá rò nìyí. Lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín, kúnlẹ̀ dáadáa, sọ fún un pé aláìsàn wà nílé bàbá rẹ, kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú wá arúgbó ẹlòmíràn kiri. Kí wọ́n jẹ́ kí o wá fi ìyá rẹ kọ́ṣẹ́. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tó ń fúnni ní máàkì bá fẹ́ wá wò ó, ibi tí yóò sùn wà, ẹja wà, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ yóò sì sọ máàkì tó tọ́ sí ọ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá là. Wálé, Adéòkè. Mo bẹ̀ ọ́ ni, n kò pàṣẹ.

Ibí yìí ni mo kọ ọ́ dé lánàá tí omi ìwẹ̀ ìyá rẹ fi hó, mo bá dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Bí mo ṣe ń fi ọṣẹ pa á lára ni mò ń ròyìn ìwé yìí fún un, mò ń yangàn pé ọ̀gá yín kò ní lè kọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì gbá àga tó jókòó lé. Mo rò pé omi ló gbóná jù, mo bu tútù sí i, ó tún gbá a. Mo gbé e sórí àga oníhò, ó tún gbá a. Mo ké sí Salome, Salome ní bóyá ebi ni. Ìyá rẹ wo àwa méjèèjì bí ẹni ń wo ewúrẹ́. Ó ya ẹnu, ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde ketekete, ó ní kí a jẹ́ kí o parí ẹ̀kọ́ rẹ. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ délẹ̀ nìyẹn. Salome hó yèè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi sunkún, Adéòkè, mo sunkún sínú omi ìwẹ̀. Ìyá rẹ tún ya ẹnu, mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà fún mi, ó ní ọṣẹ ti gbẹ mọ́ òun lẹ́yìn. Ẹ gbà mí! Mo ti gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ látìgbà tí mo ti ń yangàn.

Nítorí náà má wá mọ́. Má sọ ọ̀rọ̀ tó wà lókè yẹn fún ọ̀gá yín. Ó ṣì ń rẹ̀ mí o, n kò ní parọ́ pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wo ẹ̀yìn mi sàn, mo sì fẹ́ rí ọ débi pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ọṣẹ. Ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn dìde sí mi, káfíńtà ni mí, màá lóye àwòrán. Ọlọ́run á jẹ́ kí a jọ gba ìwé ẹ̀rí náà lójú ayé ìyá rẹ, ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú àgbà kò ní rọ, ìwọ náà kò ní darúgbó sọ́wọ́ àjèjì.

Àwọn arúgbó tí wọ́n bá kó fún ọ yẹn, má bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ọmọ wọn ṣe. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀, tó ń fi ọwọ́ gbá àga, ní sùúrù, wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn án kúrò dáadáa. Ìyá rẹ lo wẹ̀ yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámiṣayé káfíńtà.