Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Bá Mi Lọ sí Yunifásítì

Àǹtí Maricela, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fresno níbí kì í fi ètò yín ṣeré.

Opó ni mí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò wa ni mo ń lọ. Yunifásítì tó wà ní ìlú Davis, tó jìnnà sí wa, ti ṣèlérí pé bí mo bá yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe, dandan ni kí wọ́n gbà mí. Ìṣirò nìkan ló kù, òun náà ló sì ti gbé mi ṣubú rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì jáde. Igbe tí mo ké mú kí ìyá ọkọ mi ju tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ń yan, sílẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Mo yege, Màmá! Wọ́n gbọ́dọ̀ gbà mí!”

Ó mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun. Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé o ti wọlé. Ṣé kí n wá di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ara mi fúyẹ́.

Àfi bí mo ṣe bá a lánàá tó ń di ẹrù tirẹ̀. “Ìwọ tó ń gbàgbé iyọ̀ nínú ẹ̀wà, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọ?”

Kí n sòótọ́, èmi náà ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo lagbára mi ká ní Davis. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó má kó àwọn adìẹ rẹ̀ wá?