Nípa Ìgò Omi Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yábàá

Abà Ògúntádé, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, 1971.

Ọmọ́níkẹ́, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ilé dákẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, adìyẹ ni mò ń kí láàárọ̀, èyí tó ń dáhùn nínú wọn kò sì pọ̀.

Mo rí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ nítorí àrùn onígbáméjì. Ó bi mí ní iye ìgbà tí mò ń lọ sẹ́yìnkùlé lóòjọ́, ó bi mí bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó. Kò bi mí bóyá mò ń sùn dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé, mo kọ mẹ́fà. Mo ka ìyá rẹ mọ́ ọn, mo ka ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́ta, nítorí n kò fẹ́ kí ìjọba rò pé ilé Abọ́dúndé ti di ilé ẹnìkan.

Àṣàkẹ́ tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Ọ̀yìngbò ní òun rí ọ ní Pápá Àjàó tí o ń bu omi kànga sínú ìgò, tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, Àǹtí wolé-wolé, ṣé omi ni wọ́n fi ń san owó oṣù yín ni? Ó ní o tún máa ń tẹ̀ lé àwọn agbépòó, tí o ń bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. A rán ọ nílé-ìwé kí o má baà ru ìgbẹ́, o wá ń tẹ̀ lé àwọn tó ń ru ú. Mo bi ara mi pé, àrùn wo ni ìbéèrè wò sàn rí? Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ní wọ́n ti ti kànga kan pa níbẹ̀ nítorí ohun tí ẹ rí nínú omi rẹ̀, wọ́n fún àwọn agbépòó ní bàtà àti ọṣẹ, àìsàn náà sì ń rọlẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà tí o ní kí n bu omi kànga wa sínú ìgò, kí n fi ránṣẹ́ sí yín ní Yábàá fún àyẹ̀wò, mo bù ú lóòótọ́. Omi náà pọ́n, ewé sì wà nínú rẹ̀. Mo rò ó pé àwọn ọ̀gá rẹ yóò gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọn yóò ní, irú omi tí bàbá ọmọbìnrin yìí ń mu nìyí. A kì í bu omi ẹrẹ̀ fún àlejò. Mo dà á nù, mo ṣan ìgò náà, mo rọ omi òjò àkọ́rọ̀ tí mo sẹ́ sínú ìkòkò ìyá rẹ kún un, ìyẹn ni mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé yín dé pé omi náà mọ́, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo yege ìdánwò. Mo kà á sókè fún gbogbo abà. Baálẹ̀ Àkàngbé ní kí a má fi igi ṣòfò mọ́ lórí omi sísè.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí, n kò gbọ́ ohùn Sìdíkàt, aládùúgbò wa tó ń pọnmi fún mi. Òun nìkan ló ń kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀ láti bi mí bóyá mo ṣì wà, tí èmi yóò dá a lóhùn pé adìyẹ mi ló fẹ́ jogún. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló dè é mọ́lẹ̀. Ó wà ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi iyọ̀ sí i lára, wọ́n ní yóò yè. Ẹni méjì mìíràn ti dùbúlẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo jẹ́wọ́ fún Baálẹ̀ lánàá. Ó ní, Bàbá Ọmọ́níkẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé. Ó pe gbogbo abà jọ kí n sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Àwọn yòókù ní ìwé Èkó ti sọ tirẹ̀, arúgbó kò lè yí i padà. Wọ́n ṣì ń gbé korobá wá. Nítorí náà mo gbé àpótí mi sórí pákó tí a fi dé kànga, mo jókòó lé e. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ọ̀jẹ̀túndé, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé korobá wá, ní kí n rọra, pé bí mo bá jìn sí i, inú ìgò ni wọn yóò fi mí sí ránṣẹ́ sí ọ.

Bá mi fi owó epo kẹrosíìnì ránṣẹ́, nítorí igi tutù, a sì gbọ́dọ̀ máa se omi. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ìwọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìtìjú mi di ẹrù rẹ. Ọwọ́ tí o fi ń bu omi kiri kò ní bu ìbànújẹ́.

Wá bu omi náà fúnra rẹ. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, má wulẹ̀ yà sílé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀nà kànga ni kí o gbà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abọ́dúndé.