Ọ̀ràn Ṣòkòtò Cordell

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Millrace,
Tolliver,
Kentucky.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kejìlá, ọdún 2013.

Nadine àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo,

Ṣé ara le? Òjò Oregon ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí ẹ rímú mí? Ṣé orúnkún Lyle ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ? Àwa náà wà dáadáa níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru Elwood ọkọ mi ti wálẹ̀, àfi ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà.

Mo gbọ́ pé Opal ọ̀rẹ́ wa ti pè ẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi mí sẹ́wọ̀n nítorí pé mo bọ́ ṣòkòtò ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jọ̀ọ́, fìdí lélẹ̀, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an tí mo bọ́ ọ.

Nínú oṣù kẹrin ni kóòṣì bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́jì wa, Dwight Amburgey, mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cordell Mapp wá wo ìlú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ń parí girama lọ́wọ́, ó sì ga débi pé ó ń tẹrí ba fún gbogbo ilẹ̀kùn Tolliver. Àwa àti kọ́lẹ́jì Ashgrove, àwọn alátakò wa tó wà lódì kejì odò, la jọ ń du ọmọ yìí nítorí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí bọ́ọ̀lù ò bá gbé ọmọ yẹn wọ kọ́lẹ́jì, kò sí ohun mìíràn tó máa gbé e wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, kóòṣì mú un wá jẹun ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Fọ́ọ̀kì ẹ̀ já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ni ìdí ṣòkòtò ẹ̀ bá ya fàà! Gbogbo wa la gbọ́ ọ, títí kan Eula tí kò gbọ́ràn mọ́ látọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, òógùn sì ń bò ó. Mo fà á wọ yàrá pásítọ̀, mo ní kó bọ́ ọ, mo fún un ní aṣọ tábìlì kó ró, mo sì rán ibi tó ya. Nígbà tí mo rí i pé ṣòkòtò náà ò dé kókósẹ̀, mo tú ibi tí wọ́n ṣẹ́ po nísàlẹ̀, mo jẹ́ kó gùn sí i díẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá kò ju ìyẹn lọ.

Garland Pruitt wà níbẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Ashgrove ni, àmọ́ ibi tí sọ́sééjì bá wà ló máa ń wà. Ó ya fọ́tò, ó sì kọ̀wé sí àjọ tó ń darí eré àwọn kọ́lẹ́jì pé alátìlẹ́yìn Tolliver ti fún ọmọ tí wọ́n ń wá ní ẹ̀bùn. Òfin sọ pé èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ò gbọdọ̀ ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ò lè rí gbà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dá wa lẹ́bi, Cordell ò ní gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́jì kankan fún odidi ọdún kan. Garland rò pé àwa nìkan ló máa kàn.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist láti àjọ bá wá sílé mi, pẹ̀lú téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lọ́wọ́.

Ó bi mí pé, “Màmá Verna, kí lẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn?”

Mo ní, “Mi ò gba nǹkan kan.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ìyẹn gan-an ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Ṣé ẹ máa ń ṣe é fún àwọn míì?”

“Ẹnikẹ́ni tí ìdí ṣòkòtò ẹ̀ bá ti ya níwájú mi ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Cordell pè mí. Kò bínú rárá. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bo ọmọ mi láṣìírí. Ẹ ṣáà bá wa sọ òtítọ́ fún wọn.” Nadine, mo lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún Elwood. Abẹ́rẹ́ mi ló fẹ́ gba kọ́lẹ́jì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Elwood bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Lọ́jọ́ tí àjọ náà wá gbọ́ ẹjọ́ wa, gbogbo ẹni tí mo ti tún aṣọ ẹ̀ ṣe rí ló gbé e wá. Pásítọ̀ gbé ṣòkòtò ìpẹja ẹ̀ wá. Eula wọ tiẹ̀ wá, ó sì ń yí po kí wọ́n lè rí ojú ìrán náà. Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist wò wá títí, ó ní, “Ọmọlẹ́yìn Tolliver ni gbogbo yín. Ta ni kì í ṣe tiyín tí màmá yìí ti rán aṣọ fún rí?”

Elwood dìde.

“Garland! Ta ló bá ẹ fẹ ṣòkòtò ìgbéyàwó ẹ?”

Garland ń wo bàtà ẹ̀. “Verna ni.”

“Sọ ọ́ sókè!”

“Mo ní Verna ni! Ìyàwó mi ti wà níwájú pẹpẹ, ṣòkòtò ò sì wọlé. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ̀rín pa Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist fúnra ẹ̀. Wọ́n dá Cordell láre lójú ẹsẹ̀. Gbogbo Tolliver yọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Cordell pè mí. “Màmá Verna, ẹ má bínú. Dókítà ẹran ni mo fẹ́ dà. Ashgrove ń kọ́ ọ, Tolliver ò kọ́ ọ.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó lọ tọ́jú màlúù dáadáa. Kóòṣì Amburgey ò jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Elwood ní ṣé mi ò lè lọ tú òwú inú ṣòkòtò náà ni.

Sátidé tó kọjá ni Ashgrove wá bá wa gbá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló kù, a fi àmì ẹyọ kan ṣíwájú. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Cordell, ó fò sókè, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, Ashgrove sì borí wa. Nadine, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìgbà tí mo máa mọ̀, èmi nìkan ni mo wà lórí ìdúró láàárín àwọn èèyàn wa, tí mò ń pàtẹ́wọ́, tí mò ń pariwo, “Ọmọ mi nìyẹn!” Elwood kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, àmọ́ kò fi oúnjẹ mi sílẹ̀ rí.

Bá mi kí Lyle, bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bá mi fẹnu ko kékeré inú wọn lẹ́nu. Fọ́tò yín tí mo béèrè, má gbàgbé o.

Elwood ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wọ yàrá báyìí. Ó ní ọjọ́ wo ni Ashgrove tún máa gbá. Ó ní òun kàn ń béèrè ni.

Tìrẹ ni mí lọ́jọ́ gbogbo,
Verna, ẹ̀gbọ́n rẹ.